Ọlọ́pàá Tí Ó Ti Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀: Wíwá Olóòótọ́ nínú Iṣẹ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá

Ìfáàrà

Ẹkún pé ayé ti bàjẹ́ kì í ṣe tuntun nínú lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ Yorùbá. Láàrin ọdún 1929 sí 1930, nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde ní ìpín-ìpín nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ohun tí ìtàn náà ń sọ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ ni pé Èkó ti di ìlú tí ń ba ọmọ ènìyàn jẹ́. Ní ọdún 1964, Hubert Ògúnǹdé gbé eré Yorùbá Ronú sórí ìtàgé láti fi bá àwọn olóṣèlú wí. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà sì fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ọdún bíi 35 ni ó wà láàrin iṣẹ́ méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń wo ayé ọdún 1929 gẹ́gẹ́ bí ayé rere àtijọ́ ní láti rántí pé ní ọdún 1929 gan-an, àwọn kan ń sunkún pé ayé rere ti lọ.

Aáyan yìí kò fẹ́ tún ẹkún náà sun, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ fi àwọn tí ń sun ún ṣẹ̀sín, nítorí ohun tí wọ́n ń sunkún lé lórí kì í ṣe àlá. Ìbéèrè kan tí ó fara sin lábẹ́ ẹkún náà ni ó fẹ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí òǹkọ̀wé Yorùbá bá ti sọ pé olóṣèlú ń kó owó ìlú jẹ, pé adigunjalè kò jẹ́ kí ará ìlú sùn, pé ọmọ kò gba ẹ̀kọ́ mọ́, ta ni ó máa ń ránṣẹ́ sí kí ó wá tún ayé ṣe? Iṣẹ́ òǹkọ̀wé méjì ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí: Àjà Ló Lẹrù (1969), Àgbàlagbà Akàn (1971) àti Atótó Arére (1981), tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, àti Kòṣeégbé (1981), Ṣaworoidẹ (1999) àti Agogo Èèwọ̀ (2002), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí àwọn méjì ìkẹyìn gẹ́gẹ́ bí fíìmù.

Àkíyèsí kan ni ó bí aáyan náà. Lápàdé, akọni inú ìwé méjì àkọ́kọ́ tí Òkédìjí kọ, jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀. Adébọ̀sípò, ọba tí ó fẹ́ tún ìlú Jogbo ṣe nínú Agogo Èèwọ̀, jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀. Òǹkọ̀wé méjì ni wọ́n, ẹ̀yà lítíréṣọ̀ méjì ni wọ́n lò, ọdún 33 sì ni ó wà láàrin àwọn iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì ń wá ẹni tí yóò mú òdodo bọ̀ sípò, ọlọ́pàá tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá mọ́ ni wọ́n rí. Ohun tí èyí ń wí nípa ojú tí Yorùbá fi ń wo ìjọba, àti ohun tí ó fi pa mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí, ni kókó ọ̀rọ̀.

Àsìkò tí ó bí àwọn iṣẹ́ náà

Nígbà tí Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, ogun abẹ́lé Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kò tíì parí. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kò sì tíì gbàgbé ìjà òṣèlú ọdún 1965, nígbà tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara ènìyàn, tí orúkọ náà ‘wẹ́tìẹ̀’ fi wọ inú èdè. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1970, ìdigunjalè di ohun tí gbogbo ìlú ńlá ń sọ. Ìjọba ológun ṣe òfin ikú fún adigunjalè ní ọdún náà, nígbà tí ó sì di 1971, wọ́n ń so àwọn tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi mọ́ òpó ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n lójú ọ̀pọ̀ èrò. Ọdún 1971 yìí kan náà ni Àgbàlagbà Akàn jáde. Òǹkàwé tí ó ra ìwé náà ní ìgbà náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìbẹ̀rù tí ó wà nínú rẹ̀ fún un.

Ní 1984, ìjọba ológun mìíràn gbé ogun dìde sí ìwà àìníbàáwí. Àwọn sójà mú pàṣán lọ sí ibùdókọ̀ láti kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń tò. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ní gbangba. Wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá ṣe èrú nínú ìdánwò. Ọ̀pọ̀ àgbà ni inú wọn dùn sí i. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ìwà ni àìsàn náà, pàṣán sì ni oògùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn orílẹ̀-èdè yìí kò jẹ́rìí sí oògùn náà. Ọdún 15 lẹ́yìn ìbọn Bar Beach, ní 1986, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìlú Bìní láàmú débi pé gbogbo Nàìjíríà ni ó mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ George Iyamu wà lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní 1987. Àwọn àgbà ní, olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Ohun tí ọ̀rọ̀ Bìní fi hàn ni pé ẹni tí ìlú san owó fún kí ó máa tọ ẹsẹ̀ olè lè wà lára àwọn tí wọ́n jọ ń rìn. Nítorí náà, òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ kí òǹkàwé gba ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ gbọ́ ní láti kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú aṣọ ìjọba. Òkédìjí ti mọ èyí ní ọdún 17 ṣáájú ọ̀rọ̀ Anini.

Lápàdé: òdodo lẹ́yìn òde

Lápàdé kì í ṣe ẹni mímọ́, ẹwà iṣẹ́ Òkédìjí sì wà níbẹ̀. Ó gbójú, ó lẹ́nu, ó sì ń lo ọgbọ́n àrékérekè pa pọ̀ mọ́ ọwọ́ líle. Òun àti Tàfá Ìgíripá, ẹmẹ̀wà rẹ̀, ń wọ ibi tí ọlọ́pàá kò wọ̀, wọ́n sì ń ṣe ohun tí òfin kò fún ọlọ́pàá láyè láti ṣe. Èdè wọn kún fún òwe, àpárá àti èébú. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó rẹ́rìn-ín ká àwọn ìwé náà tí kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni òun ń kà.

Lámèyítọ́ kan lè sọ pé kò sí nǹkan bàbàrà nínú pé Lápàdé kò sí nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe rí níbi gbogbo: ẹni tí ń dá ṣiṣẹ́ ni ó máa ń tú àṣírí tí ọlọ́pàá kò lè tú. Òtítọ́ wà nínú àtakò yìí. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú àwọn ìwé Kọ́lá Akínlàdé bíi Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? (1971) àti Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976), náà ń fi làákàyè tirẹ̀ wá òkodoro ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àṣà ẹ̀yà ìtàn náà kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó lè ṣàlàyé ìdí tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi wà lẹ́yìn òde. Kò ṣàlàyé ìdí tí Lápàdé fi ní láti kọ́kọ́ wà nínú ilé kí ó tó jáde. Òkédìjí fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ìjọba ni Lápàdé ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, àti pé níta ni ó ti rí ààyè láti lò ó. Kò sì sí àṣà ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan tí ó fi ipá mú Ìṣọ̀lá láti sọ ọba Jogbo di ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìntì.

Àléébù kan wà nínú ojútùú yìí tí ìgbádùn ìtàn kì í jẹ́ kí òǹkàwé rí. Bí ìlú tí ó tóbi tó Ìbàdàn bá gbára lé Lápàdé kan ṣoṣo, ìlú náà kò ní ọ̀dẹ ní ọjọ́ tí Lápàdé bá ṣàìsàn. Ìtàn parí, ọwọ́ tẹ àwọn ọ̀daràn, ṣùgbọ́n àgọ́ ọlọ́pàá wà bí ó ṣe wà ní ojú-ewé àkọ́kọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àgọ́ náà tí ó kọ́ nǹkan kan lára Lápàdé.

Mákò: olóòótọ́ lẹ́nu iṣẹ́

Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá dúró sẹ́nu iṣẹ́? Kòṣeégbé ni ó dáhùn. Eré-onítàn yìí jáde ní 1981, nígbà ìjọba alágbádá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1979, iṣẹ́ aṣọ́bodè ni ó sì dá lé lórí. Mákò, ọ̀gá aṣọ́bodè, fẹ́ fọ ibi iṣẹ́ náà mọ́. Kò gba rìbá, kò sì fẹ́ kí àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ gbà á. Nítorí èyí, àwọn tí wọ́n ti ń jẹ nídìí rẹ̀ di rìkíṣí láti ta epo sí aṣọ àlà rẹ̀.

Ìmọ̀ tí Ìṣọ̀lá fi hàn nínú eré yìí jinlẹ̀ ju ìwàásù lọ. Kò fi ìwà ìbàjẹ́ hàn gẹ́gẹ́ bí ìdánwò tí Èṣù gbé síwájú ẹnì kan. Ó fi hàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó ní ètò. Onífàyàwọ́ mọ ẹni tí yóò rí. Ẹni tí ó rí mọ iye tí yóò gbé sókè. Ẹni tí ó wà lókè mọ ìgbà tí yóò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òtítọ́ Mákò ni kò ní ètò. Kò ní ẹgbẹ́, kò ní ọ̀rẹ́ tí ó tó, kò sì sí òfin kan tí ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Òǹkàwé lè túmọ̀ orúkọ eré náà sí ọ̀nà méjì: ohun tí ó wúwo ju ohun tí ènìyàn lè gbé lọ, tàbí ohun tí olè kò lè jí gbé. Bí òǹkàwé bá wo Mákò, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀. Ẹrù tí ó yẹ kí gbogbo ilé iṣẹ́ gbé ni wọ́n di lé ẹnì kan lórí.

Kì í ṣe Ìṣọ̀lá nìkan ni ó rí èyí. Nínú Réré Rún (1973), Òkédìjí ti fi Láwúwo, olórí àwọn òṣìṣẹ́, hàn gẹ́gẹ́ bí olóòótọ́ tí àwọn aláṣẹ tẹ̀ rì, tí ìyapa àárín àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn sì bá wọn parí iṣẹ́ náà. Bí ènìyàn bá to àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí síwájú ara wọn, ìlànà kan hàn gbangba. Olóòótọ́ tí ó wà nínú ètò ni wọ́n ń gbógun tì. Olóòótọ́ tí ó ti jáde kúrò nínú rẹ̀ ni ó ń ṣẹ́gun. Ohun tí òǹkàwé ọ̀dọ́ lè rí kọ́ níbẹ̀, bí olùkọ́ kò bá ṣọ́ra, ni pé kí olóòótọ́ má ṣe iṣẹ́ ìjọba.

Adébọ̀sípò: ìbúra àti agogo

Ní 1999, ọdún tí ìjọba ológun kógbá wọlé, Ìṣọ̀lá àti Kèlání gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìlú Jogbo. Nínú Ṣaworoidẹ, májẹ̀mú wà láàrin ọba àti ìlú. Ọba gbọ́dọ̀ búra, kí wọ́n sì sín in ní gbẹ́rẹ́. Ọba tí kò bá búra tí ó sì dé adé náà, bí ó bá gbọ́ ìlù ṣaworoidẹ, orí yóò fọ́ ọ títí ikú. Lápité kò fẹ́ búra nítorí pé ó fẹ́ kówó jọ, ó sì fi ìbọn gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbúra. Àwọn agégẹdú ń gé igbó ìlú, àwọn ìjòyè ń gba owó wọn. Nígbà tí ó yá, Làgàta tí í ṣe sójà gba adé mọ́ wọn lọ́wọ́, ìlù ni ó sì pa á. Nínú Agogo Èèwọ̀, Adébọ̀sípò jọba lórí àwọn ìjòyè tí wọ́n ti bá ìjọba àná jẹun. Ìmọ̀ràn àti ìbáwí kò ran wọn. Ìbúra ìṣẹ̀dálẹ̀ àti agogo ni ó tú àṣírí wọn, tí ó sì pa àwọn tí ọwọ́ wọn kò mọ́.

Ọ̀pọ̀ òǹwòran ni ó gba ojútùú yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní àwọn olóṣèlú ń fi Bíbélì àti Kùránì búra nítorí pé Ọlọ́run ń mú sùúrù. Kí wọ́n fi Ògún búra, kí ayé wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ó sì fi ìbínú ará ìlú hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo àwọn fíìmù náà dáadáa yóò rí i pé wọn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìlù ṣaworoidẹ kì í dá ara rẹ̀ lù. Bí kò bá sí onílù tí ó mọ ìdí rẹ̀, tí ó sì fi ìmọ̀ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí àwọn aláṣẹ tó ká a mọ́, igi àti awọ lásán ni ìlù náà ì bá jẹ́. Baba Ọ̀pálábá, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe ipa rẹ̀, kò ní ìbọn, kò sì ní oyè ńlá; ìrántí ni ó ní. Ohun tí ó gba Jogbo là ni pé ẹnì kan kọ́ ẹnì kan. Ẹ̀kọ́ ni ó ṣẹ́gun Làgàta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé idán ni òǹwòran rí.

Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé lẹ́yìn Ṣaworoidẹ, Nàìjíríà dá àwọn àjọ sílẹ̀ láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́: ICPC ní 2000, EFCC ní 2003. Ìyẹn ni pé ìlú gbìyànjú láti fi ètò dojú kọ ètò, ohun tí Mákò kò ní. Títí di òní, lítíréṣọ̀ Yorùbá tí ó fi inú irú ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ibùdó ìtàn kò wọ́pọ̀. Agogo rọrùn láti fi ṣe ìtàn ju fáìlì lọ.

Àlàbá: ta ni ó sọ ọ́ di olè?

Ọdún kan náà tí Kòṣeégbé jáde ni Òkédìjí gbé Atótó Arére jáde. Lápàdé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí òǹkàwé ń tẹ̀ lé ni Àlàbá, ọmọ tí ilé rẹ̀ dàrú, tí kò rí ẹni fẹ̀yìn tì, tí ìgboro sì gbà á tọ́. Nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́, ọ̀daràn ti dàgbà kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ òǹkàwé ni kí ó fẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Nínú Atótó Arére, òǹkàwé ti mọ ọ̀daràn náà kí ó tó di ọ̀daràn, ó ti káàánú rẹ̀, ó sì ti rí àwọn àgbà tí wọ́n kọjá lára rẹ̀ láìdúró.

Ìyípadà tí ó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ Òkédìjí nìyí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òkédìjí tẹ̀ lé òwe náà dé ìdí rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ ilé ohun tí ó fún ọmọ kó jáde. Kò dá Àlàbá láre. Ìwà tí ó hù burú, ìwé náà kò sì bò ó. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò kan Àlàbá nìkan mọ́. Bàbá wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀, àdúgbò wà níbẹ̀, ìjọba wà níbẹ̀. Yorùbá ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ìwé yìí, àwọn àgbà kún ọjà, orí ọmọ sì wọ́.

Ní ibi yìí ni ẹkún ‘ayé ti bàjẹ́’ ti di ìmọ̀. Ẹni tí ó ń sunkún máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa na ìka sí àwọn ọ̀dọ́. Atótó Arére gbé ẹni tí ń na ìka náà síwájú adájọ́. Nítorí náà ni ó ṣe ṣòro láti kà ju Àjà Ló Lẹrù lọ, nítorí náà náà ni ó sì ṣe ju ú lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìtàn

Síbẹ̀, àlàfo kan ṣẹ́ kù. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí aáyan yìí yẹ̀ wò, kò sí èyí tí ó fi kíláàsì ṣe ibi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Ó Le Kú (1974) tí Ìṣọ̀lá kọ wà nínú ọgbà Ifásitì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ó bá lọ síbẹ̀. Ó yani lẹ́nu, nítorí pé kò sí ohun tí àwọn àgbà Yorùbá ń ráhùn lé lórí ju ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Wọ́n ní ọmọ tí ó ka ìwé mẹ́fà láyé àtijọ́ mọ̀wé ju ẹni tí ó jáde ifásitì lónìí lọ.

Ìráhùn yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, iye ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ sì lé ní 800,000 ní ọdún náà. Olùkọ́ tí ó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ kò tó wọn. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní 1979, àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fi ẹ̀kọ́ girama ọ̀fẹ́ kún un. Ẹni tí ó bá ń fi ọmọ ìgbà náà wé ọmọ ìgbà yìí gbọ́dọ̀ rántí pé àwọn díẹ̀ tí wọ́n ṣà ni ó wà ní kíláàsì láyé àtijọ́. Àwọn tí wọn kò ṣà wà lóko, kò sì sí ẹni tí ó dán ìmọ̀ wọn wò.

Ẹ̀rí sì wà pé ibi tí wọ́n bá ti pèsè ohun tí ó yẹ, ọmọ náà kò yọ̀lẹ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n kọ ìwé fún wọn, wọ́n sì dá olùkọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ tayọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ètò náà parí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ rere, wọn kò sì sọ ọ́ di ìṣe gbogbo ilẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e wà lójútáyé. Láti 2011, èdè abínibí kò sí lára iṣẹ́ tí ó di dandan ní kíláàsì àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama mọ́. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé ìlànà ọ̀hún. Kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ́ ni ó ṣe ìpinnu wọ̀nyí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè ka Àgbàlagbà Akàn ní ojú-ewé mẹ́wàá láìkọsẹ̀, tí àgbà sì sọ pé ọ̀lẹ ni, ẹjọ́ Àlàbá ni wọ́n tún ń dá, bàbá rẹ̀ kò sì sí nílé-ẹjọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe fún Yorùbá kò kéré. Wọ́n pe olè ní olè nígbà tí ó léwu láti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi èdè tí ó ládùn ṣe é. Ṣùgbọ́n ìrètí wọn dúró lórí ẹni tí ó ṣọ̀wọ́n: ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọba tí ó ti fẹ̀yìntì kí ó tó jọba, agogo tí ń pa ẹni tí ó bá purọ́. Ìlú kò lè fi ẹni tí ó ṣọ̀wọ́n ṣe ètò. Kòṣeégbé àti Atótó Arére ni wọ́n lọ jìnnà jù, nítorí pé èkíní fi hàn bí ìwà ìbàjẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, èkejì sì fi hàn bí ọ̀daràn ṣe ń di ọ̀daràn.

Èyí kan olùkọ́ tí ń yan ìwé fún kíláàsì. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fi Lápàdé bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó dùn, kí wọ́n sì fi Atótó Arére sílẹ̀ nítorí pé ó gùn, ó sì banú jẹ́. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì jọ wọ kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀daràn inú ọ̀kan wé ọ̀daràn inú èkejì, kí ó sì béèrè ìbéèrè tí Lápàdé kò ní àyè láti béèrè lójú ìjà: níbo ni ẹni yìí ti wá? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó ń pa òwe yìí láti fi bá ọmọ wí. Ẹni tí ó bá tún un gbọ́ yóò mọ̀ pé àwọn tí kò kọ́ ọmọ náà ni òwe ń bá sọ̀rọ̀.